Ọmọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ṣì jẹ́ ọmọ ilé ìwé

Nígbà tí wọ́n bá gba ọmọ sí wọ́ọ̀dù, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ìyá rẹ̀ pọ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni? Kí ni jẹ́nótáìpù rẹ̀? Ṣé ó ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ pé? Kí ló jẹ kẹ́yìn? Ta ló máa sanwó? Ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kì í sábà bèèrè ni èyí: kíláàsì wo ló wà, ta sì ni tíṣà rẹ̀? Bó ṣe jẹ́ nìyẹn tí ọmọ fi ń kúrò nílé ìwé lọ́jọ́ tó wọ ọsibítù, tí kò sì sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan pé ó kúrò.

Bó bá jẹ́ ibà ọjọ́ mẹ́ta ni, kò sí wàhálà. Ọmọ á padà, á da nóòtù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọ, ó parí. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wa kàn lónìí ni àwọn tí àìsàn wọn kì í parí lọ́jọ́ mẹ́ta: ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ládìde, tí gbogbo wa mọ̀ sí SS, ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, tí omi ń dúró sí i lára, ọmọ tó ń gba oògùn jẹjẹrẹ, ọmọ tí ọ̀kadà kọ lù, tí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń ka tiwọn, nígbà mìíràn oṣù. Èrò wa lábala yìí ni pé ilé ìwé kò gbọdọ̀ dúró sí ẹnu géètì ọsibítù. Ìwé kíkà ọmọ tó ń ṣàìsàn jẹ́ ara ìtọ́jú rẹ̀. Kì í ṣe ohun tó yẹ ká gbé jù sí ẹ̀gbẹ́ kan dìgbà tí ìtọ́jú bá parí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ti ọmọ SS

Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS tó Nàìjíríà. Ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé síta ní 2006 sọ pé ọmọ bí 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú àrùn náà lọ́dọọdún ní ilẹ̀ yìí nìkan. Ẹ̀jẹ̀ pupa ara wa máa ń lo bí 120 ọjọ́ kó tó kú kí òmíràn tó rọ́pò rẹ̀. Ti ọmọ SS kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fi máa ń wà nílẹ̀, tí iṣẹ́ tí kò rẹ ẹlòmíràn fi máa ń rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ tó tẹ̀ bíi dòjé yẹn bá dí ojú iṣan, ìrora dé nìyẹn, ìrora tó lè mú apá, ẹsẹ̀, àyà tàbí ẹ̀yìn. Òtútù lè fà á, òùngbẹ lè fà á, ibà lè fà á, àárẹ̀ lásán náà lè fà á.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní ọmọ ọdún 10 kan wà ní Primary 5. Ìrora mú un lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́sibítù, ó tún lo ọ̀sẹ̀ kan nílé kí okun tó padà sí i lára. Ọ̀sẹ̀ 8 nìyẹn. Sáà ẹ̀kọ́ kan nílé ìwé wa kì í ju bí ọ̀sẹ̀ 12 tàbí 13 lọ. Ọmọ yìí ti pàdánù ju ìdajì sáà kan, a ò sì tíì ka àwọn ọjọ́ klíníìkì mọ́ ọn, ọjọ́ tí ẹ ó jáde nílé ní aago mẹ́fà àárọ̀ tí ẹ ò ní padà dé títí dìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀kọ́ kì í sì í dúró de ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìṣirò dà bí àkàbà, ẹni tí kò gun ti ìsàlẹ̀ kò lè fẹsẹ̀ kan ti òkè. Bí wọ́n bá kọ́ wọn ní bí a ṣe ń pín odidi sí ìdá nígbà tí ọmọ wà ní wọ́ọ̀dù, tó wá padà bá wọn lórí ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, kò lè yé e. Tíṣà á rò pé orí ọmọ kú. Òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ SS ti ń gba orúkọ olódo, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé wọn ò sí nínú kíláàsì lọ́jọ́ Tuesday kan lọ.

Ohun kan tún wà tí òbí púpọ̀ kò mọ̀. Àrùn SS lè ba ibì kan jẹ́ nínú ọpọlọ ọmọ láìjẹ́ pé apá tàbí ẹsẹ̀ rọ, láìjẹ́ pé ẹnu wọ́. Rọpárọsẹ̀ ni, àmọ́ èyí tí kò pariwo. Àmì tí ẹ lè rí kò ju pé ọmọ tó ń ṣe dáadáa tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, kò lè jókòó ti iṣẹ́ kan mọ́, ipò rẹ̀ nínú kíláàsì ń já wálẹ̀. Ẹ má nà án. Ẹ má sọ pé ọ̀lẹ ni. Ẹ sọ fún dókítà rẹ̀, kí ẹ sì mú káàdì èsì ìdánwò rẹ̀ dání lọ sí klíníìkì, torí pé ó lè sọ ohun tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò lè sọ. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní TCD, tí wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ ṣe ní ẹ̀gbẹ́ orí láti mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré tó nínú iṣan ọpọlọ. Kò ní abẹ́rẹ́, kì í dun ọmọ. Ó máa ń fi hàn bóyá rọpárọsẹ̀ lè kọ lu ọmọ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n sì máa ń ṣe é fún ọmọ SS láti ọdún 2 sí 16. Àwọn dókítà ní Kano àti Kaduna ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí bí oògùn hydroxyurea ṣe ń dènà rọpárọsẹ̀ lára irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè nípa méjèèjì.

Àwọn yòókù tí àìsàn dè mọ́lẹ̀

Kì í ṣe SS nìkan. Ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ń jo èròjà purotéènì sínú ìtọ̀ máa ń wú lójú àti lẹ́sẹ̀, oògùn tí wọ́n ń fún un á tún mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sanra, á sì mú kí inú máa tètè bí i. Ara rẹ̀ lè yá fún oṣù mẹ́ta, kó tún padà. Ọmọ tó ní jẹjẹrẹ tó ń wú àgbọ̀n, tí wọ́n ń pè ní Burkitt, tó wọ́pọ̀ lágbègbè tiwa nílẹ̀ Áfíríkà, á máa wọlé á máa jáde lọ́sibítù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ti jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lè gba ọdún 2 sí 3. Oògùn jẹjẹrẹ máa ń dín ọmọ ogun ara kù, nítorí náà dókítà lè sọ pé kó má lọ sáàárín èrò fún ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ́yìn tó bá gbà á tán. Kíláàsì tí ọmọ 60 fún mọ́ra kò dáa fún un lásìkò yẹn.

Ti egungun wá rọrùn jù láti ṣàlàyé. Ọmọ tí egungun itan rẹ̀ kán lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí nínú P.O.P. fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ìrora á lọ sílẹ̀, ọmọ á máa wo àjà, á máa ka fáànù, á máa bá gbogbo nọ́ọ̀sì tó ń kọjá jà. Ẹsẹ̀ ló kán, ọpọlọ kò kán. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè ka ju ohun tó ń kà nílé ìwé lọ bí ẹnì kan bá gbé ìwé fún un.

Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé ìbẹ̀rù ni wọ́n fi tì wọ́n mọ́lé, kì í ṣe àìsàn. Ọmọ tó ní wárápá ni mo ń sọ. Wárápá kì í ran ẹnikẹ́ni, itọ́ ẹnu ọmọ tí gìrì mú kò lè kó o ran ọ̀rẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ìwé ló máa ń sọ fún òbí pé kí wọ́n mú ọmọ wọn lọ. Ọmọ tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí tíṣà rẹ̀ sì mọ̀ pé bí gìrì bá dé, ṣe ni kí òun yí i sí ẹ̀gbẹ́, kí òun má ki síbí tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kò ní ìdí láti jókòó sílé. Bákan náà ni ọmọ tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bó bá ti lo oògùn tó bá a mu fún bí ọ̀sẹ̀ 2, kì í sábà lè ran ẹlòmíràn mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oògùn náà ṣì kù fún oṣù mélòó kan. Dókítà ló máa sọ ọjọ́ tó lè padà, kì í ṣe àwọn aládùúgbò.

"Jẹ́ kí ara rẹ̀ yá ná"

Ọ̀rọ̀ tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nìyí, ìfẹ́ ló sì ń mú wọn sọ ọ́. Ìyá àgbà á ní, ẹni tó wà láàyè ló ń kàwé. Òótọ́ ni. A ò sọ pé kí ẹ gbé ìṣirò síwájú ọmọ tó ń gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn, tàbí ẹni tí ibà rẹ̀ ga, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà nílẹ̀ tó ń mí gúlegúle, tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún. Ọmọ tí ìrora mú débi tó ń sunkún, oògùn ló nílò, kí wọ́n sì tètè fún un. Àwọn oògùn ìrora tó lágbára máa ń mú oorun wá. Ẹ jẹ́ kó sùn.

Ṣùgbọ́n àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Láàárín rẹ̀, wákàtí púpọ̀ wà tí ọmọ kàn jókòó lásán, tó ń wo dírípù tó ń kán. Ohun tí ọmọ ń ṣe láàárín wákàtí wọ̀nyẹn kan ìlera rẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé mọ̀ pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ wà lórí nǹkan mìíràn kì í sábà mọ ìrora abẹ́rẹ́ lára tó ọmọ tó tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n tún mọ̀ pé ohun tó ń dẹ́rù ba ọmọ jù nínú ọsibítù ni pé gbogbo nǹkan tó mọ̀ ti yí padà: bẹ́ẹ̀dì kì í ṣe tirẹ̀, oúnjẹ kì í ṣe ti ilé, àwọn àjèjì ń fọwọ́ kan án láìtọrọ àyè. Ìwé kíkà rẹ̀ jẹ́ ohun kan tí kò yí padà. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún ọmọ pé "tíṣà rẹ ní kí o ṣe iṣẹ́ yìí kó tó di ọjọ́ Friday", ó ti sọ ohun mìíràn fún un láìdárúkọ rẹ̀: pé Friday ń bọ̀, pé wọ́n ń retí rẹ̀.

Ọmọ ọdún 11 tàbí 12 gbọ́n ju bí a ṣe rò lọ. Bí gbogbo àgbà bá ti dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé rẹ̀, ó mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn lè túmọ̀ sí.

Bí ẹ ṣe lè ṣe é láì da ara yín láàmú

Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà. Ìbéèrè mẹ́ta tó: Ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ rò pé ó máa tó kó tó lè padà sílé ìwé? Ṣé ó lè ka nǹkan díẹ̀ lójúmọ́ nísinsìnyí? Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè wá kí i, tàbí kí wọ́n máa pè é lórí fóònù nìkan? Ẹ ní kí wọ́n kọ èsì rẹ̀ sínú lẹ́tà kan tí ẹ ó fi ránṣẹ́ sílé ìwé. Lẹ́tà náà kò ní láti dárúkọ àìsàn. Àṣírí ọmọ ni, ẹ̀yin lẹ ó pinnu ẹni tó máa gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má gbìyànjú láti kó gbogbo iṣẹ́ ilé ìwé wá sí wọ́ọ̀dù. Ẹni tó ń tọ́jú ọmọ lọ́sibítù kì í rí oorun sùn, orí àga tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ń sùn, ó ń sáré ra oògùn, ó ń wá ẹni tó máa fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àṣejù á já sí pípa gbogbo rẹ̀ tì lọ́jọ́ kẹta. Ìwé kíkà àti ìṣirò ni kí ẹ dì mú, àwọn yòókù á ṣeé lé bá. Ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, bóyá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ti tó. Ẹ wo àkókò tí ara ọmọ máa ń fúyẹ́: fún àwọn kan, lẹ́yìn tí dókítà bá ti yípo wọ́ọ̀dù tán láàárọ̀ ni, fún àwọn mìíràn, bí oòrùn bá rọ̀. Ọmọ tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ dírípù sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè kọ nǹkan, àmọ́ ó lè fẹnu sọ ọ́ kí ẹ bá a kọ. Ẹ lè sọ fún nọ́ọ̀sì pẹ̀lú pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń kọ̀wé. Bí iṣan bá wà lọ́wọ́ òsì, ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì á lo ti òsì.

Ẹ̀gbọ́n tó wà ní secondary school lè jẹ́ tíṣà tó dáa jù lọ láyé. Bàbá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ìlú mìíràn lè ka ìtàn fún ọmọ lórí fóònù lálẹ́. Ní ti ilé ìwé, ẹ wá ọmọ kan tó ń kọ nóòtù dáadáa, kí òbí rẹ̀ máa ya fọ́tò nóòtù náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp ní ọjọ́ Friday kọ̀ọ̀kan. Kò gba dátà púpọ̀. Bí tíṣà bá lè fi ohùn rẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀kọ́ kan fún ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú, ọmọ á gbọ́ ohùn tó mọ̀. Mo ti rí i tí ọmọ fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ tẹ̀ létí leralera, kì í ṣe torí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀, bí kò ṣe torí pé ariwo kíláàsì ń dún lábẹ́ rẹ̀.

Àwọn tó wà ní kíláàsì ìdánwò nílò ìtọ́jú ọ̀tọ̀. Máàkì iṣẹ́ inú kíláàsì láti SS1 wà lára ohun tí ilé ìwé máa ń fi ránṣẹ́ sí WAEC. Ọmọ tí kò bá ní máàkì kankan fún odindi sáà kan lè rí wàhálà rẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, nígbà tí gbogbo èèyàn ti gbàgbé pé ọsibítù ló wà nígbà yẹn. Ẹ sọ fún ilé ìwé kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ tó lè ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì, kí wọ́n sì máàkì rẹ̀ lásìkò náà.

Ọjọ́ tó bá padà

Òbí púpọ̀ rò pé wàhálà tán lọ́jọ́ tí ọmọ bá padà wọ yúnífọ́ọ̀mù. Ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ ká ṣọ́. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ọmọ á kàn lè dúró di ago méjìlá ọ̀sán, kí ilé ìwé gbà bẹ́ẹ̀. Bí oògùn bá ti mú irun rẹ̀ re tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, kí tíṣà ti bá àwọn ọmọ yòókù sọ̀rọ̀ kó tó wọlé, kí wọ́n má bàa fi ṣẹ̀sín.

Fún ọmọ SS, ìlànà kékeré kan lè gbà á lọ́wọ́ ọsibítù: kí wọ́n jẹ́ kó gbé omi sórí tábìlì rẹ̀, kó máa mu ún nígbàkígbà. Ẹni tó ń mu omi púpọ̀ á máa tọ̀ púpọ̀, kíndìnrín rẹ̀ pàápàá kì í lè di omi mú bíi ti ẹlòmíràn. Nítorí náà, bó bá nawọ́ pé òun fẹ́ lọ sílé ìtọ̀, ẹ jẹ́ kó lọ. Tíṣà tó bá sọ pé "o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, jókòó" kò mọ̀ pé òun ń dá ìrora sílẹ̀, torí ọmọ náà á dẹ́kun omi mímu kí ojú má bàa tì í. Kí wọ́n má mú un dúró nínú òtútù tàbí oòrùn lórí ìlà àárọ̀, kí wọ́n jẹ́ kó wọ súwẹ́tà ní àsìkò ọyẹ́ bí àwọ̀ rẹ̀ kò tilẹ̀ bá yúnífọ́ọ̀mù mu. Ṣé àwọ̀ súwẹ́tà ló yẹ kó gbé ọmọ padà sí wọ́ọ̀dù?

Ní ti ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó tún kíláàsì kà, àtúnkà lè dáa nígbà mìíràn. Kí ó jẹ́ pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé kò tíì lè tẹ̀ síwájú. Kí ó má jẹ́ torí pé ìlà orúkọ rẹ̀ ṣófo nínú rẹ́jísítà.

Òfin ti sọ̀rọ̀, ta ló ń gbọ́?

Òfin UBE ti 2004 sọ pé gbogbo ọmọ ní Nàìjíríà ló gbọ́dọ̀ ka ìwé ọ̀fẹ́, láti primary títí dé JSS3, ọdún 9 gbáko. Òfin náà gbé ìyà kalẹ̀ fún òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ: ìbáwí nígbà àkọ́kọ́, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan tàbí méjèèjì nígbà kejì. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003, ní abala 15, sọ pé ojúṣe ìjọba ni láti pèsè ẹ̀kọ́ náà. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó sọ pé "àfi bí ọmọ bá wà lọ́sibítù". Bí òbí tó dá ọmọ dúró sílé bá lè jẹ̀bi, kí ni ká pe ìjọba tí ọmọ wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀, nínú wọ́ọ̀dù rẹ̀, fún oṣù mẹ́ta láìrí tíṣà kan ṣoṣo?

UNICEF sọ ní 2024 pé ọmọ mílíọ̀nù 18.3 ni kò sí nílé ìwé ní Nàìjíríà. Bí a bá gbọ́ iye yẹn, ọmọ tó ń kiri ọjà àti àlùmájìrí ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú, tí orúkọ wọn ṣì wà nílé ìwé kan títí dìgbà tí ilé ìwé bá yọ ọ́.

Ní England, ìlànà ìjọba ni pé bó bá ti hàn pé àìsàn máa mú ọmọ kúrò nílé ìwé fún ọjọ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣètò ẹ̀kọ́ fún un. Ẹni tó bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń tọ́ ọmọ ní London lè bi wọ́n. Ẹnì kan á ní, àwọn lówó. Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Nígbà tí Ebola bẹ́ sílẹ̀ ní Sierra Leone, Liberia àti Guinea ní 2014, wọ́n ti ilé ìwé pa. Sierra Leone, tí kò lówó tó wa, gbé ẹ̀kọ́ sórí rédíò ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ títí tí wọ́n fi ṣí ilé ìwé padà ní oṣù kẹrin 2015. Ní 2020 tí COVID dé, Ghana ṣí ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan fún ẹ̀kọ́, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà náà sì kọ́ni lórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí gbogbo ọmọ wà nílé, a rí ọ̀nà. Nígbà tó ku ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún tàbí méjì, a pa rédíò.

Ohun tí a ń béèrè kò tó ti rédíò pàápàá. Kí àjọ SUBEB ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yan olùkọ́ kan, ẹyọ kan péré, sí wọ́ọ̀dù ọmọdé ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Olùkọ́ tí wọ́n ti ń sanwó fún tẹ́lẹ̀ ni, ibi iṣẹ́ rẹ̀ ló kàn yí padà. Àwọn tó kọ́ nípa ọmọ tó nílò ìtọ́jú àkànṣe kò wọ́n: láti 1977 ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ fún ẹ̀kọ́ àkànṣe ti wà ní Ọ̀yọ́, tó ń kọ́ irú wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù kan tó ní kọ́kọ́rọ́, ìwé kíkà ti kíláàsì kọ̀ọ̀kan, bọ́ọ̀dù kékeré, àga mẹ́fà.

Mo mọ èsì tí àwọn alábòójútó ọsibítù máa fún wa. Wọ́n á ní, òbí ló ń ra ìbọ̀wọ́ àti òwú níbí, ẹ wá ń sọ̀rọ̀ tíṣà. Ẹjọ́ tó lágbára ni, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ ọ̀tọ̀ ni àpò tí owó ìbọ̀wọ́ ti ń jáde, ọ̀tọ̀ ni ti owó oṣù olùkọ́. Bí a kò bá yan tíṣà sí wọ́ọ̀dù, ìbọ̀wọ́ kò ní torí ìyẹn pọ̀ sí i.

Ní ti àwọn ilé ìwé aládàáni, ọ̀rọ̀ wọn kò gùn: ẹ má gba owó odindi sáà lọ́wọ́ òbí tí ọmọ rẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ méjì péré nínú rẹ̀, kí ẹ wá sọ pé kò sí ẹni tó lè ya fọ́tò nóòtù ránṣẹ́.

Kó tó di pé ìjọba dáhùn, lẹ́tà yìí wà tí ẹ lè dà kọ lónìí:

"Sí ọ̀gá ilé ìwé. Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni òbí (orúkọ ọmọ), tó wà ní kíláàsì (orúkọ kíláàsì). Wọ́n ti gba ọmọ wa sí ọsibítù láti ọjọ́ (déètì), dókítà sì rò pé ó máa tó ọ̀sẹ̀ (iye) kó tó lè padà. A bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ́jísítà, kí ẹ kọ 'àìsàn' sí àwọn ọjọ́ tí kò wá, kí ẹ má kọ pé ó sá. A fẹ́ kí tíṣà rẹ̀ máa fi iṣẹ́ ìwé kíkà àti ìṣirò ránṣẹ́ sí wa ní ọjọ́ Friday kọ̀ọ̀kan sórí nọ́ńbà yìí, àwa náà á máa dá a padà ní Thursday kó lè máàkì rẹ̀. Bí ìdánwò bá bọ́ sí àsìkò yìí, a fẹ́ mọ ọjọ́ tó lè ṣe é nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Lẹ́tà dókítà wà pẹ̀lú èyí. Ẹ ṣeun."

Ẹ kọ ọ́ ní méjì, kí ilé ìwé fọwọ́ àti déètì sí ọ̀kan, kí ẹ mú ìyẹn padà sílé, kí ẹ sì fi í sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú káàdì ọsibítù rẹ̀.